Iyọ̀ Kimchi Ìyá Sukhui

Ìyá Sukhui kò lè sọ̀rọ̀ kan kó máà fi "àbí?" tì í lẹ́yìn. "Òtútù ti dé, àbí?" "Ajá Pak ló ń gbó yẹn, àbí?" Ohun tó dá a lójú náà ni yóò máa béèrè. Èmi aládùúgbò rẹ̀ bú u títí: "Ṣé ẹnu wa lo fi ń ronú ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó yẹ kí ẹnìkan máa gbè mí lẹ́sẹ̀, àbí?"

Byeongdu, ọkọ rẹ̀, ló ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Sukhui" náà ni tirẹ̀. Ní Haenam wa níbí, tí a bá péjọ ṣe kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí a ń fi pamọ́ de ìgbà òtútù, ẹni tó po ata á fi ewé kábéèjì wé díẹ̀ sẹ́nu ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún bá a tọ́ iyọ̀ wò. Lọ́dọọdún, ẹnu ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Sukhui máa ń fi tirẹ̀ sí.

Àfi bí àìsàn ìgbàgbé ṣe wọ bàbá lára. Sukhui, ọmọ wọn, ti Seoul dé, ó ní òun ti gba àyè fún un nílé ìtọ́jú arúgbó. Ìyá yarí kanlẹ̀: "Ó ṣì mọ̀ mí! A kì í kó ẹni tó mọ aya rẹ̀ fún àjèjì, àbí?"

"Ó dáa, màámi," ni Sukhui wí. "Tó bá dá yín mọ̀ lọ́la níbi kimchi, n ò ní mú wọn lọ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó yí ọpọ́n ká, ata dé ìgúnpá wa. Ìyá wé ewé, ó fi í sẹ́nu ọkọ rẹ̀.

"Iyọ̀ rẹ̀ tó, àbí?"

Bàbá jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀, mo ti fẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ó tó, mà. Ẹ ṣeun," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, ti ìyàwó mi dùn jù ú lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Ìyá Sukhui. Ó ti pẹ́ tó ti jáde, àyà mi ń já."

Háà! Ayé yìí mà le o. Omijé ń bọ́ lójú mi, ata ò sì jẹ́ kí n lè fọwọ́ nù ún.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ìyá dá a lóhùn. "Kò ní pẹ́ dé."

Ó nu ètè ọkọ rẹ̀, ó yíjú sí Sukhui, ó ní kó lọ kó aṣọ òtútù bàbá rẹ̀ jọ.