Káńfọ̀ Inú Táǹkì

Bàbá mi gbà pé kò sí ohun tí káńfọ̀ kò lè tún ṣe. Àwọn awakọ̀ ìgbà tirẹ̀, tí wọ́n ń kó ẹrù láti Ìlọrin wá sí Kàdúná, a máa ju ẹyọ méjì mẹ́ta nínú èyí tí à ń kó sáàárín aṣọ sínú táǹkì, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí epo mú. Èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tọ́bò ṣe ní Mando, ní Kàdúná yìí, ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín.

Oníbàárà mi kan gbé ọkọ̀ tọ́bò rẹ̀ wá lọ́dún tí àwọn ajínigbé sọ ọ̀nà Àbújá di ìbẹ̀rù. Tọ́bò ló ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè sáré. Epo tí kì í gbiná ṣáájú àkókò ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bí epo bá kánjú gbiná, ẹ́ńjìnnì á máa kan gbá-gbá, písítìnnì á sì fọ́. Epo tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo dín agbára tọ́bò náà kù. Mo wá gbé ọkọ̀ náà sílé bàbá mi ní Barnawa, níbi tí mo sùn, kí oníbàárà lè wá mú un láàárọ̀, kó fi gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn olóṣù mẹ́ta lọ sí Àbújá.

Nígbà tí mo jí, ọkọ̀ ti lọ. Bàbá mi ń fi omi búútà fọ ẹsẹ̀.

"Ó ti wá gbé e lẹ́yìn ìrun àsùbáà," ó ní. "Mo ti bá ọ parí iṣẹ́. Epo ìsinsìnyí kì í ṣe epo, mo ju káńfọ̀ mẹ́wàá sí i."

 Káńfọ̀ á yọ́, á tún lọ dì nínú àsẹ́ epo. Epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì tó, tọ́bò á ṣì máa ti afẹ́fẹ́ sí i, ọkọ̀ á sì kú lọ́nà Àbújá, síbi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró. Mo pe oníbàárà. Fóònù rẹ̀ ti kú. Mo pè é títí.

"Baba, ẹ ti pa èèyàn mẹ́ta!"

Ọmọ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Kò bá mi wí. "Innalillahi" nìkan ló ń wí, ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún, a sì kó sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé oníbàárà ní Mahuta. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n má tíì gbéra.

Àgádágodo wà lẹ́nu géètì. "Ai sun tafi, tun ɗazu," ni obìnrin ilé kejì wí: wọ́n ti lọ tipẹ́. Bàbá mi di géètì náà mú. Èmi ń ro ọmọ olóṣù mẹ́ta nínú igbó.

Fóònù mi dún. N kò mọ nọ́ńbà náà. Mo rò pé àwọn ajínigbé ni, síbẹ̀ mo gbé e.

"Madam, kí lẹ ṣe sí mọ́tò mi?" Oníbàárà ni. Ó yá fóònù fọganáísà kan tó ń lẹ táyà, ó ka nọ́ńbà mi lára rìsíìtì. "Ó ti kú sí Sabon Tasha, a ò tíì jáde ní Kàdúná! Ọmọ ń ké nínú oòrùn! Oníṣẹ́ jákujàku!"

Mo gbọ́ igbe ọmọ náà lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi. "Ẹ bú mi dáadáa, sà," mo ní. "Ẹ má dáwọ́ dúró."

"Táǹkì mi ń rùn káńfọ̀! Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Mo ti ń la ẹnu láti sọ pé èmi ni, nígbà tí bàbá mi, tó ń gbọ́ igbe rẹ̀, gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Èmi ni, sà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí ọmọ mi. Ẹ dárí jì mí."

Oníbàárà mi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi, tí kì í fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú géètì tó tì pa.