Gọ́tà Tí Wọ́n Ní Kó Dọ́gba

Iṣẹ́ páànù ni mo fi jẹun ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Àkrà, láti ìgbà tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira títí ojú mi ò fi ríran jó òjé mọ́. Àwọn èèyàn rò pé garawa àti fìtílà nìkan là ń ṣe. Tí òjò ńlá bá ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, gọ́tà etí òrùlé ni iṣẹ́ wa: ká kó ewé àti iyanrìn inú rẹ̀ dànù, ká fi òjé dí ibi tó ń jò, ká pààrọ̀ ìkọ́ tó ti dípẹtà. Lẹ́yìn náà la máa wo bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé omi ò mọ ẹ̀bẹ̀, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń lọ.

Lọ́dún kan, wọ́n pè mí sí ilé kan tí kò jìnnà sí ìsọ̀ mi. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú. Àwọn ọmọ ìyálé ń gbé apá ọ̀tún, àwọn ọmọ ìyàwó kejì ń gbé apá òsì, àwọn ìyá méjèèjì sì ti kú. Ìyàwó kẹta nìkan ló kù, nínú yàrá alámọ̀ kan láàárín. Kò bímọ. Irun rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ tọmọdé tàgbà ilé náà ń pè é ní Ìyàwó, torí kò sí ọmọ tí wọn ì bá fi pè é.

Àgbá omi kan wà ní ìpẹ̀kun gọ́tà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì. Kí apá kan má bàa gba omi òjò mọ́ èkejì lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n Búráímọ̀ tó jẹ́ olórí apá ọ̀tún àti Ẹ̀gbọ́n Sàlámì ti apá òsì ti pàṣẹ tipẹ́ pé kí gọ́tà náà dọ́gba gbọọrọ. Òdodo nìyẹn lójú wọn. Ṣùgbọ́n igi etí òrùlé ti tẹ̀ láàárín, omi sì ń rọ́ síbẹ̀, ó ń dà sára ògiri Ìyàwó. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ògiri náà, amọ̀ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Bí òjò ọdún yẹn bá bá a bẹ́ẹ̀, ó máa wó lu obìnrin náà.

Mo sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì. Wọ́n ní kí n ṣáà lẹ̀ ẹ́, kí n sì mú un dọ́gba bó ṣe wà. Mo sọ fún wọn pé ká tó lè gbé àárín rẹ̀ sókè, àfi ká ṣí òrùlé, òjò ò sì ní dúró dè wá. Kí gbogbo omi kúkú wá sí àárín, sínú àgbá kan lẹ́nu ọ̀nà Ìyàwó, kí gbogbo ilé máa pọn ọ́n níbẹ̀.

"Daabi," Ẹ̀gbọ́n Sàlámì fi Twi kọ̀, bó ti máa ń ṣe tí inú bá ń bí i. "Ká wá máa tọrọ omi òrùlé bàbá wa lọ́wọ́ ẹni tí kò bímọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìyàwó jókòó síbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni mo wí. "Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Tí ẹ̀yin bá gbà, èmi ò gbà. Ẹ wá ẹlòmíì."

Mo kúkú mọ̀ pé wọn ò ní rí ẹnì kankan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti kó lọ sí Tema níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté, bàbá arúgbó kan tí kò lè gun àkàbà mọ́ ló kù. Mo ń kó irinṣẹ́ mi nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Búráímọ̀ ní kí n dúró. Mo bá ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo gun àkàbà, mo sì ń da omi sínú gọ́tà náà lójú wọn. Omi ò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó kún láàárín, ó ya sára ògiri, amọ̀ tó tó búrẹ́dì kan sì já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Ìyàwó. Ó kàn rọra fa àwo ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Ẹ̀gbọ́n Búráímọ̀ wo amọ̀ náà, ó wo Ìyàwó. "Darí omi wá sí àárín," ló sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n Sàlámì ló di àkàbà mú fún mi títí mo fi parí.

Òjò ò jẹ́ kí òjé náà tutù dáadáa kó tó dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ wo iṣẹ́ mi. Gọ́tà ò jò, ògiri gbẹ. Àwọn ọmọ apá méjèèjì tò sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà pẹ̀lú garawa, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí i kí wọ́n tó bu omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Olómi, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára.

Mo ti fi gọ́tà sí ilé tó tóbi ju ìyẹn lọ, kò sí èyí tí mo fi ń yangàn tó o. Lọ́jọ́ tí Ìyá Olómi kú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo bá ariwo nínú ilé náà. Apá ọ̀tún àti apá òsì ń jà lórí ẹni tó máa wọ inú sàréè láti gba òkú rẹ̀ tẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo rí Ẹ̀gbọ́n Sàlámì, omijé bo ojú rẹ̀, ó di apá Ẹ̀gbọ́n Búráímọ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kí n sin ìyá mi," ló ń wí. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ló bí ni?"