Igi Àgbọn Àsánì

Bí àlejò bá fẹ́ gbalé tàbí kó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, wọn á ní kó lọ bá Ìyá Fàwáz. Ìwé méjì péré ni màmá náà kà kó tó jókòó sílé, ṣùgbọ́n ó mọ ìlú yìí bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti títì márosẹ̀. Etí omi ló kọ́kọ́ ń mú gbogbo wọn lọ.

"Títì tẹ́ ẹ gbà wọlé yẹn, ẹ̀yìn ìlú ni. Omi ni Ọ̀jọ́ kọjú sí. Ta ló ń ti ẹ̀yìn kí èèyàn?"

Igi àgbọn kan wà létí omi náà, tí Àsánì ọkọ rẹ̀ máa ń so ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ mọ́. Ọdún tí omi bá kún wọ àdúgbò, Àsánì á mú ọ̀bẹ, á fa ilà sára igi náà níbi tí omi dé gan-an, bí ẹni ń kọlà fọ́mọ. Ọdún kejì rèé tí Àsánì ti dolóògbé. Kò sẹ́ni tó kọ ilà síbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Fàwáz kì í kọjá kó má fọwọ́ kàn án.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni Felicia ti Èkìtì dé, torí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ilé búrẹ́dì ló fẹ́ ṣí. Màmá mú un dé Ìbá, ó mú un dé Okokomáìkò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí omi níbi tí igi náà wà nìkan ló wù ú, onílẹ̀ sì gbà. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, màmá bá Mujeeb gégigégi nídìí igi àgbọn, tòun ti ayùn.

"Mujeeb, kí lò ń wá níbí?"

"Ẹ káàárọ̀, màmá. Àǹtí oníbúrẹ́dì ló ní ibẹ̀ ni mọ́tò á máa gbà wọlé."

Màmá wo ayùn, ó wo igi. Igi kì í ṣe tirẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ilà ara igi nìkan ló ní. Bó bá pariwo, wọn á ní opó ń jà nítorí àgbọn. Felicia sì ti dé, bàtà funfun lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ wá wo ibi tí ààrò mi máa wà."

"Mo rí i. Ọmọ mi, kí wọ́n tó gé e, ṣe mí lóore kan. Wá fẹ̀yìn ti igi yìí."

Felicia rò pé màmá fẹ́ gbàdúrà fún òun ni. Ó fẹ̀yìn tì í, ó tilẹ̀ dijú. Màmá fìka kan ilà tó ga jù. Àyà Felicia ló bọ́ sí.

"Ibí lomi dé lọ́dún tí mo bí Fàwáz. Ojú fèrèsé ni ọkọ mi ti gbé mi sínú ọkọ̀."

Felicia lajú. "Omi wo? Ilẹ̀ gbígbẹ rèé!"

"Ẹ̀ẹ̀rùn lo bá wa. Ẹ̀yin ará orí òkè, omi inú ìkòkò nìkan lẹ mọ̀."

"Ààrò mi wá ńkọ́?"

"Ẹja á wọ ibẹ̀, wọn á máa yan ara wọn."

Mujeeb bú sẹ́rìn-ín. Felicia náà rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí igi, ó ń fọwọ́ tọ ilà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kọ wọ́n, mà?"

"Ọkọ mi ni."

Felicia yíjú sí gégigégi náà. "Mujeeb, gbé ayùn ẹ. Mọ́tò á gba ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ òòjọ́ mi jẹ́!"

Màmá ní, "Lọ bá a wá bíríkìlà. Iṣẹ́ ń bẹ."

Wọ́n mọ pèpéle tó ga ju ilà tó ga jù lọ, wọ́n sì kọ́ ààrò sórí rẹ̀. Ará àdúgbò ń fi ṣẹ̀fẹ̀: ṣé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ tà níbẹ̀ ni, àbí ìwàásù?

Oṣù kẹwàá, omi dé. Ó mu èèyàn dé orúnkún, ṣùgbọ́n iná ń jó geere nínú ààrò. Felicia ránṣẹ́: "Màmá, ẹ mú ọ̀bẹ Bàbá Fàwáz bọ̀."

Màmá ká ìró sókè, ó wọ́ omi lọ síbẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sí ibi tí omi dé lára igi, ó tún gbé e kúrò. Ó nà án sí Felicia.

"Ìwọ kọ ọ́. O ti di ará ibí."

Felicia kọ ọ́. Ilà náà wọ́ bí ẹsẹ̀ akàn.

"Àsánì, wá wo iṣẹ́ àlejò!" Màmá rín ẹ̀rín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gorí pèpéle, wọ́n bu búrẹ́dì gbígbóná sí méjì. Mujeeb dúró sínú omi nísàlẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó ní ìdí búrẹ́dì náà ni kí wọ́n fún òun.