Àkeekèé Ṣọ́ọ̀bù Qudirat

Ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní àkeekèé kan ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù Qudirat aránṣọ, nítòsí Ọjà Ọba l'Ọ́wọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá pa á láàárọ̀, á jí dìde lọ́sàn-án, á sì sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ fi kún un pé ó máa ń dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Wọn ò sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Qudirat. Ìmọ̀rù ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá wa àgbà, níbi tó ti máa ń mú akàn létí odò. Kì í kí èèyàn kó tó wo ojú rírán aṣọ ọrùn onítọ̀hún. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, màá kàn yí búláòsì mi sódì lọ bá a ni.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Lábísí, ló rí àkeekèé lábẹ́ máṣíìnì. Ó da kẹrosíìnì lé e lórí, kò mira. Ó gbá a sínú páálí àjákù aṣọ. Ìgbà tó padà sídìí máṣíìnì, àkeekèé tún ti dúró síbẹ̀, ó sì tóbi sí i! Lábísí bẹ́ sórí tábìlì, ó figbe ta. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

À bá kàn rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ aṣọ ìgbéyàwó Ibtisam wà lọ́wọ́ Qudirat. Kò tíì gba iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ìyá ìyàwó bá kó léèsì rẹ̀ lọ, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá? Ìyá ìyàwó sì dé lóòótọ́, ó dúró síta.

"Qudirat, kó léèsì mi wá. Ọmọ mi ò ní wọ aṣọ tí òkú àkeekèé ti rìn lé lórí."

"Ẹ káàsán mà. Ẹ tẹ́wọ́."

"Kí n fi gba kí ni?"

"Ẹ ṣáà tẹ́wọ́ mà."

Qudirat gbé òkú inú páálí sí i lọ́wọ́. Màmá pariwo. Òkú náà fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

"Ẹ rọra o, mà," ni mo sọ, "kó má lọ jí."

"Ìwọ ọmọ yìí, màá gbá ẹ létí!"

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," ni Qudirat wí. "Ẹ wo iwájú orí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti là. Ẹ wo ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, oríkèé-oríkèé, òfìfo ni gbogbo wọn." Ó wá gbé ìgò kan jáde tó dé pa. Àkeekèé inú rẹ̀ funfun báláú, ara rẹ̀ ṣì rọ̀. "Ẹni tó bọ́ ọ sílẹ̀ rèé. Bí akàn ṣe ń ṣe n'Ímọ̀rù nìyẹn. Aáyán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ń ṣe é, aláǹtakùn náà ń ṣe é. Aṣọ wọn ò ṣe é tú kó fẹ̀ sí i."

Màmá tẹjú mọ́ ìgò náà títí. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó fa àga, ó jókòó.

"Jẹ́ kí apá búbà Ibtisam fẹ̀ díẹ̀. Ó ti ń sanra."

Àkeekèé kì í jí dìde: ìta ara ni eegun rẹ̀ wà, eegun náà kì í bá a dàgbà, àfi kó bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó lè tóbi sí i.