Funfun tí A Fi Han Kámẹ́rà

Kámẹ́rà kò mọ funfun. Àwa tí a ń fi fọ́tò jẹun ní Ọ̀rẹ̀ ni a máa ń fi í hàn án. Oòrùn ní àwọ̀ tirẹ̀, iná gílóòbù ní tirẹ̀; bí o kò bá kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Wò ó, funfun rèé," gbogbo àwọ̀ yòókù á dojú rú. Wáìtì bálánsì ni a ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Odígbó, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ló pè mí láàárọ̀ Sátidé kan pé kí n wá ya àwọn ní fọ́tò. Ibà pọ́njú ti dá wọn dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹyinjú wọn pọ́n rúsúrúsú bí ẹ̀bà gàrí olépo. Wọ́n ní ara àwọn ti yá. Ọmọ wọn tó ń kàwé ní Kánádà ni kò gbà. Ó ní bí òun kò bá rí ojú ìyá òun kedere, òun á pa ìdánwò tì, òun á wá sílé.

"Kò gbọdọ̀ pa ìwé tì nítorí mi," ni Ìyá Àgbà wí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n ti wọ sùtánà funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀, ó ń tàn yòò. Páálí aláwọ̀ eérú tí mo máa ń fi han kámẹ́rà dípò funfun wà nínú báàgì mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún wá nǹkan mìíràn níwájú irú aṣọ bẹ́ẹ̀? Sùtánà ni mo fi han kámẹ́rà.

Mo ya fọ́tò, mo wò ó. Gbogbo ara wọn ló pọ́n rúsúrúsú, títí kan eyín. Mo tún aṣọ náà wò.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ fi fọ aṣọ yìí?"

"Ọṣẹ. Mo wá fi búlúù ṣan án. Kí ló tún kù?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Lójú wa, aṣọ tí a fi búlúù ṣan funfun. Kámẹ́rà ṣì ń rí aró náà. Èmi ni mo pe aró ní funfun fún un, ló bá ń da àwọ̀ pupa rúsúrúsú bo gbogbo nǹkan kó lè pa aró náà.

"Aṣọ yín ló tàn wá jẹ, Mà. Kì í ṣe àìsàn."

"O fẹ́ fi fọ́tò dá mi padà sórí ẹní!" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n di páálí mú, mo fi han kámẹ́rà, mo tún wọn yà. Ara wọn padà sí dúdú rẹ̀ tó ń dán, eyín wọn funfun, aró hàn fírífírí lára sùtánà. Ẹyinjú wọn nìkan ni kò yí padà, ó ṣì pọ́n rúsúrúsú.

Mo gbé kámẹ́rà kúrò lójú, mo wo àwọn fúnra wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, aṣọ lèmi ń wò. Ó dùn mí wọra.

Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé o lè sọ ẹyinjú mi di funfun lórí kọ̀ǹpútà?"

"Mo lè ṣe é, Mà." Òótọ́ ni, iṣẹ́ kékeré ni.

Wọ́n dá kámẹ́rà padà fún mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ sùtánà, wọ́n ká a, wọ́n sì gbé gèlè.

"Pe ọlọ́kadà yẹn padà, ọsibítù là ń lọ. Bó ṣe rí yẹn ni kí o fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Sọ fún un pé mo ti wà lọ́dọ̀ dókítà, kó jókòó ti ìdánwò rẹ̀. Tó bá rí bí ojú mi ṣe pọ́n lónìí, lọ́jọ́ tó bá funfun, á gbà mí gbọ́."