Ẹṣin Tí Ìyàwó Mi Fi Sílẹ̀ fún Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ẹbí ìyàwó mi dá láti wá kó ẹrù rẹ̀. A kò bímọ, ọkọ kì í sì í jogún aya nílẹ̀ wa, nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ti di aṣọ, ìkòkò, àti ìwé ìṣirò tó fi kọ́ ọmọ Igbó-Ọrà sílẹ̀. Ó ku kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ìyàwó mi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó, lọ́wọ́ lórí rẹ̀ nígbà tó kú.

Ètò inú kọ̀ǹpútà tó máa ń bá ta ayò náà ti pẹ́, ìwà rẹ̀ sì yé e. Ọ̀kánjúwà ni. Ohun tí o bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò jẹ, kó tó wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi a máa da ọmọ ayò sí i bí ẹni ń da àgbàdo sí adìẹ tó fẹ́ mú. Nígbà tó ku ọ̀la kí a lọ sí ọsíbítù, ó fi ẹṣin rẹ̀ kan, ọmọ ayò olórí ẹṣin, sílẹ̀ fún un, ó sì yí ètò náà padà kó lè ronú jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kó rò ó dáadáa. N kò fẹ́ kó sọ pé mo rẹ́ òun jẹ," ó wí fún mi.

"Ẹ̀rọ ló máa sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà máa ń sọ ọ́."

Kò padà wá láti ọsíbítù wo ìdáhùn ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ náà kò lágbára irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbóná bí ààrò, fáànù inú rẹ̀ a máa kùn bí oyin, bátìrì rẹ̀ kò sì gba iná mọ́. Bí iná bá lọ, ayò náà kò parẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti rò ti lọ nìyẹn. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa ti jó ṣájà rẹ̀ kan rí, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n dán an wò.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa sọ pé fóònù inú àpò mi lágbára jù ú lọ. Mo to ayò náà sórí fóònù. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dáhùn. Kò fẹnu kan ẹṣin náà. Ó kàn rọra ń sún mọ́ ọba ìyàwó mi ni. Mo pa á. Kì í ṣe ẹni tó ń bá ta ayò nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, iná wà fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ kò mira, mo ṣe bí ó ti kú ni, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Kò kú. Ó ń ronú ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ wákàtí mẹ́ta nù.

Sátidé pé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin gbé ọkọ̀ wá láti Lanlate. Iná ti wà láti aago méje.

"Ẹ kú ìrọ́jú, àna wa. Ṣé èyí náà wà nínú ẹrù?"

"Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ohun tó ń rò."

"Kí ló ń rò? Ṣé ìyàwó ló fẹ́ fẹ́ ni?" Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní kí awakọ̀ máa kó ìyókù, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó tì mí. Gílóòbù ni àwa méjèèjì ń wò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ń pọ́n, ó ń mọ́lẹ̀.

"Má lọ o," wọ́n ń wí fún gílóòbù. "Mo bẹ̀ ọ́, má dójú tì wá."

Ó kù díẹ̀ kó di aago mọ́kànlá, ẹ̀rọ náà jẹ ẹṣin.

"Ó ti jẹ ẹ́," ni mo wí. 

"Ṣé ó dáa àbí kò dáa?"

"Ohun tí àbúrò yín fẹ́ kó ṣe nìyẹn."

"Ta ló wá kàn báyìí?"

"Àbúrò yín ló kàn."

Mo wo ayò náà lọ, mo wò ó bọ̀. N kò rí ohun tí ìyàwó mi rí.

"Ẹ ò mọ ibi tó fẹ́ gbà?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n dìde, wọ́n ká wáyà ṣájà tó wà nílẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹ̀rọ yìí ò lọ lónìí. Bí ẹ bá ti rí ibi tó fẹ́ gbà, ẹ pè mí."

Oṣù keje rèé tí wọ́n ti lọ. N kò tíì pè wọ́n.