Móínmóín Inú Mọ́tò

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Àsíátù ti ń yan gàrí ní Ilora, ṣùgbọ́n ẹnu ará ilé ń ta á lójú ju èéfín lọ. Màrdíyyàh, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, ti ń fi ẹnu mí láti ọdún tó kọjá. Ikun imú rẹ̀ ń rùn, ojú òsì rẹ̀ sì ń wú. Wọ́n ní èéfín gàrí ni. Wọ́n ní kó máa kán àdín sí i. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ títí ó fi sú u.

Dókítà kan n'Íbàdàn ló wá sọ pé ọyún ti dí àwọn ihò ẹ̀yìn imú, bí wọn ò bá sì tètè là á, ó lè ba ojú jẹ́. Kò ní í dọ́gbẹ́ sójú ọmọ o. Ihò imú ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà yóò gbà wọlé, fọ́tò inú orí ọmọ náà tí wọ́n ti yà ni yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà kó má baà ṣèèṣì kan ojú tàbí ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àsíátù sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀, nílé wọn, ọmọdé kì í rìnrìn àjò láìfi nǹkan sẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn n'Íbàdàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, tí nọ́ọ̀sì bi Màrdíyyàh bóyá ó jẹun, ọmọ ò purọ́. Ó ní Ìyá Àgbà fún òun ní móínmóín nínú mọ́tò nígbà táwọn dé Fìdítì. Dókítà ní bí àwọn bá kùn ún lóorun báyìí, oúnjẹ lè gòkè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Ó sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú di ọ̀sẹ̀ méjì.

Inú bí Àsíátù débi pé kò lè sunkún.

“Ìyá, ṣebí mo sọ fún yín?”

“Ebi ni mo mọ̀ pé ó ń pa ọmọdé,” ni ìyá wí jẹ́jẹ́. “N ò mọ̀ pé oúnjẹ náà lè pa á.”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, Àsíátù fẹ́ lọ ti ilé ìdáná, ó sì bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ti tì í, tó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ẹnikẹ́ni ò jẹun nínú ilé náà, àtọkọ àtadìyẹ. Nínú mọ́tò, obìnrin kan na ẹ̀pà sí Màrdíyyàh. Ìyá gbà á, ó dà á síta láti ojú fèrèsé. Ẹ̀gàn gbáà ni, Àsíátù ló bẹ obìnrin náà.

Wọ́n gbé ọmọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àsíátù ra móínmóín fún ìyá, ìyá kọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ ò tíì jẹ.

Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní iṣẹ́ abẹ ti parí, ojú ọmọ ò sì ní ewu kankan, àmọ́ kí wọ́n má tíì fún un ní nǹkan kan jẹ. Nígbà náà ni ìyá gba móínmóín náà, ó pín in sí méjì, ó fẹ́ fi ìdajì pamọ́ fún Màrdíyyàh.

Kíá ni Àsíátù gba ìdajì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú ìyá.